GBBopen lábẹ́ àyẹ̀wò: ètò pátákó fún gbígbọ́ owó ọkọ̀ ní gàrééjì Ìlọrin

Bí ọmọ ọkọ̀ bá ké ní Gàrééjì Ọ̀fà pé "Àjàṣẹ́, Òró, Òmù-Àrán, ó ku ẹnì kan!", etí èèyàn kì í ṣì í gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀kadà ń fọn fèrè, tí èrò sì ń bá awakọ̀ dúnàádúrà. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dàrú mọ́ lójú. Ètò tó bá gbójú lé gíga ohùn nìkan yóò ka ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ohùn èèyàn. Èyí tó bá gbójú lé àkójọ ọ̀rọ̀ nìkan yóò gbọ́ orúkọ ìlú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dárúkọ ìlú. Irú iṣẹ́ tó ń fẹ́ kí oríṣiríṣi ìmọ̀ pawọ́ pọ̀, tí kò sí èyí tó dá pé nínú wọn, ni wọ́n ṣe ètò pátákó (blackboard) fún. GBBopen ni irinṣẹ́ tí a gbé yẹ̀ wò fún un.

Iṣẹ́ tí a fi wọ̀n ọ́n kò fẹ̀ púpọ̀: kí kọ̀ǹpútà gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gàrééjì, kí ó sọ ìlú tí ọkọ̀ ń lọ àti iye tí wọ́n ń gbà. Ìlú mẹ́fà ló wà níbẹ̀, Ìdófìan, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé, Òró àti Òmù-Àrán, owó sì bẹ̀rẹ̀ láti igba náírà dé ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Ká má fi ọ̀rọ̀ gùn: GBBopen dára, ọ̀fẹ́ ni, ìṣètò rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ lónìí kó máa ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó ń fẹ́ kí ẹ kọ́ Lisp, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ pinnu ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àti ta ni yóò dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò pátákó ti ń kú nìyẹn. Ìmọ̀ lè kún inú wọn dẹ́nu, síbẹ̀ bí alámòójútó, apá tó ń yan ẹni tó kàn, kò bá mọ ẹni tí yóò pè, asán ni.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ètò pátákó ní apá mẹ́ta. Èkíní ni pátákó fúnra rẹ̀, ibi tí gbogbo àbá wà ní gbangba: sílébù kan láti mílísẹ́kọ́ńdì 1240 dé 1390, ọ̀rọ̀ kan, gbólóhùn kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tó ń sọ bí a ṣe gbà á gbọ́ tó. Èkejì ni àwọn ọ̀mọ̀ràn, tí GBBopen ń pè ní KS (knowledge source). Ọ̀kan mọ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan mọ orúkọ ìlú. Ọ̀kan mọ bí Yorùbá ṣe ń ka owó. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Pátákó ni kálukú ń wò, bó bá sì rí ohun tó kàn án, á nawọ́ sókè. Ẹ̀kẹta ni alámòójútó, tó ń yan ọwọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ọwọ́ tó wà lókè, tó ń jẹ́ kí onítọ̀hún ṣiṣẹ́ tirẹ̀, tó sì tún padà yan òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí. Ètò Hearsay-II, tí Lee Erman, Frederick Hayes-Roth, Victor Lesser àti Raj Reddy ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon, jáde nínú iṣẹ́ ọlọ́dún márùn-ún tí ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí láàárín 1971 sí 1976, ó sì ń gbọ́ gbólóhùn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ 1,011 kọ́. Ní Stanford, Penny Nii àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀nà kan náà lọ sínú òkun, láti fi ariwo dá ọkọ̀ ojú omi mọ̀. Barbara Hayes-Roth náà gbé ètò kan jáde ní 1985 tó ń jẹ́ BB1, èyí tó gbé ìpinnu alámòójútó fúnra rẹ̀ sórí pátákó, kí ọ̀mọ̀ràn lè máa dá sí i. GBB tẹ̀ lé e ní 1986 láti University of Massachusetts ní Amherst. Daniel Corkill wà lára àwọn tó ṣe é, òun náà ló sì wà nídìí GBBopen, tí ẹnikẹ́ni lè lò lábẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0.

Gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà

Èyí kò le. Common Lisp ni wọ́n fi kọ ọ́, SBCL, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń mú Common Lisp ṣiṣẹ́, sì ni a dámọ̀ràn torí ó yára, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Lórí Ubuntu, `sudo apt install sbcl` ti tó. Ẹ tú fódà GBBopen, ẹ ṣí SBCL, ẹ fi `load` pe fáìlì `initiate.lisp` tó wà nínú fódà náà, kí ẹ wá tẹ `:agenda-shell-user`. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀, nítorí ó ń yí gbogbo fáìlì padà sí èyí tí ẹ̀rọ lè yára kà. Bó bá béèrè bóyá kó ṣẹ̀dá fódà tuntun, ẹ ní kó ṣẹ̀dá rẹ̀. Láti ìgbà kejì lọ, kíá ni.

Ẹ fi `sbcl --dynamic-space-size 2048` ṣí i. Mẹ́gábáìtì ni nọ́ńbà yẹn. Bí ààyè kò bá tó, SBCL yóò kọ "Heap exhausted, game over" síta, yóò sì kú pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí pátákó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní 4 GB, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tankẹ̀ àti Malété, lè gbé iṣẹ́ yìí dáadáa.

Nítorí iná ọba, ẹ má ṣe fojú kékeré wo `save-blackboard-repository`. Ó ń kó ohun tó wà lórí pátákó sínú fáìlì kan, `load-blackboard-repository` sì ń dá a padà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀mọ̀ràn kékeré kan máa pè é bí ohùn kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú.

Python ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, kò sì yẹ kí ẹ pa á tì. Ẹ fi Parselmouth, tó ń jẹ́ kí Python lo Praat, ètò tí a fi ń yẹ ohùn wò, wọn gíga ohùn, kí Python kọ àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì lásán, ìlà kan fún sílébù kan, bíi `(1240 1390 142 118)`: ìbẹ̀rẹ̀, òpin, gíga ohùn níbẹ̀rẹ̀, gíga ohùn lópin. `read` ti Lisp yóò kà á láìsí wàhálà. Ẹ kọ́kọ́ sọ `*read-eval*` di `nil`, kí fáìlì má baà lè pa àṣẹ fún ẹ̀rọ yín.

Ìṣètò pátákó, níbi tí GBBopen ti yọrí

`define-unit-class` ni a fi ń sọ irú àbá tó wà: sílébù, ọ̀rọ̀, gbólóhùn. Ohun tí GBBopen fi ju ètò tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ kọ lọ ni pé ó mọ ibi tí àbá kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ lè sọ fún un pé àkókò jẹ́ ìwọ̀n kan, pé ipele jẹ́ ìwọ̀n mìíràn, kí ẹ wá fi `find-instances` béèrè gbogbo ọ̀rọ̀ tó parí láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 1200 sí 1300. Kò ní wo gbogbo pátákó láti òkè dé ilẹ̀. Apá ibẹ̀ nìkan ni yóò wò.

Kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ irú ìpamọ́ tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń pe `make-space-instance`. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ó kàn ń kó gbogbo rẹ̀ jọ lójú kan ni, ìwákiri yóò sì máa falẹ̀ bí pátákó ṣe ń kún. `uniform-buckets` ni kí ẹ lò fún àkókò. Ohùn ìṣẹ́jú kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 60,000. Bí ẹ bá pín in sí 200-200, àpótí 300 ni. Sílébù kan kì í sábà ju àpótí kan tàbí méjì lọ. Bí ẹ bá fi 5,000 pín in, àpótí kan yóò kún àkúnya, ìwákiri yóò sì padà falẹ̀. Bí ẹ bá fi 5 pín in, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò wọ inú àpótí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, kíkọ nǹkan sórí pátákó ni yóò wá máa pẹ́.

Àṣìṣe tó ń pa iṣẹ́ jù níbí ni kí èèyàn kó ohun tí kò yẹ sórí pátákó. Praat ń wọn gíga ohùn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan bí ẹ bá fi gíga ohùn tó kéré jù tí yóò wá sí 75 Hz (mímì 75 ní sẹ́kọ́ńdì kan). Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 6,000 ìwọ̀n. Bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá di àbá, tí ọ̀mọ̀ràn ohùn sì ń jí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, alámòójútó yóò ní 6,000 ọwọ́ lókè kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èèyàn ń sọ bíi sílébù mẹ́rin sí mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà, sílébù ni kó jẹ́ ipele ìsàlẹ̀ pátápátá. Bíi 300 ni yóò jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Kí gbogbo ìṣirò tó wà lábẹ́ ìyẹn parí nínú Python.

Jẹnẹrétọ̀ náà, inú Python ni kí ẹ ti yọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", tó ń lo pẹtiróòlù pẹ̀lú ọ́ìlì pa pọ̀, ń yí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń jó epo lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìyípo. Ìyẹn jẹ́ 50 Hz, ìlọ́po rẹ̀ sì bọ́ sí 100 àti 150, láàárín 85 sí 180 tí ohùn ọkùnrin wà gan-an. Ẹ kò lè fi sísẹ́ gíga àti ìsàlẹ̀ yọ ọ́ kúrò láìba ohùn èèyàn jẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé ohùn èèyàn kì í dúró lójú kan: ìwọ̀n tí kò bá yẹ̀ ju 2 Hz lọ fún odindi sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ sàmì sí i pé ariwo ni, kí ẹ fò ó.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àbí ẹgbẹ̀ta

Ibí ni ètò pátákó ti fi ara rẹ̀ hàn, òun náà ni a sì máa gbé síwájú ẹni tó bá bi wá pé kí ló wúlò fún.

Ọmọ ọkọ̀ ní "Ọ̀fà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta." Fèrè ọ̀kadà dún lé àárín rẹ̀ lórí. Ohun tó kù fún ẹ̀rọ láti gbọ́ ni "Ọ̀fà", lẹ́yìn náà ariwo, lẹ́yìn náà "gbẹ̀ta". Ìdajì náà bá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mu, ó sì bá ẹgbẹ̀ta mu. Ọgọ́rùn-ún náírà ló wà láàárín wọn. Bákan náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin pẹ̀lú ẹgbẹ̀rin, àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún: bí a ṣe ń ka owó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ mú kí ọgọ́rùn-ún tí a yọ kúrò wà níwájú ọ̀rọ̀, iwájú ọ̀rọ̀ sì ni fèrè sábà máa ń gbé mì.

Ètò tó ń lọ ní ìlà kan, tó gbọ́dọ̀ pinnu kó tó kọjá sí iwájú, yóò mú ẹgbẹ̀ta torí pé ó kúrú, ìdajì rẹ̀ tó hàn sì pọ̀ ju ti ìkejì lọ. Lórí pátákó, ọ̀mọ̀ràn owó yóò kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹgbẹ̀ta pẹ̀lú 0.6, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pẹ̀lú 0.4, yóò sì jókòó. Ọ̀mọ̀ràn ohùn yóò wá nawọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè ní Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Láti òkè ló ti ń já wálẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, "dẹ́" tó ṣáájú "gbẹ̀" jẹ́ ohùn òkè. Nínú ẹgbẹ̀ta, "ẹ" tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ohùn àárín. Nítorí náà, bí "gbẹ̀" tí a gbọ́ bá ń já bọ̀ láti òkè, "dẹ́" ti wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrè bò ó. Inú sílébù tó yè ni a ti rí ẹ̀rí èyí tó sọnù.

Ọ̀mọ̀ràn àkókò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti òpin "Ọ̀fà" dé ìbẹ̀rẹ̀ "gbẹ̀", sílébù mẹ́ta ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ń fẹ́, ẹyọ kan ni ẹgbẹ̀ta ń fẹ́. Bí àlàfo náà kò bá ju mílísẹ́kọ́ńdì 200 lọ, kò sí bí sílébù mẹ́ta yóò ṣe wọ̀ ọ́, kí a pa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ́. Bó bá jẹ́ 600 ńkọ́? Ìyẹn kò fi hàn pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni, nítorí èèyàn lè dákẹ́ díẹ̀ kó tó dárúkọ owó. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ irú ọ̀mọ̀ràn yìí máa ń fún àlàfo gígùn ní máàkì, kò yẹ. Àlàfo kúkúrú ń lé àbá jáde, èyí tó gùn kò gbe ẹnikẹ́ni.

Bí kò bá sí ètò pátákó, gbogbo èyí ṣeé ṣe pẹ̀lú `if` púpọ̀ nínú fáìlì kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀mọ̀ràn kẹrin kún un, ẹni tó mọ ohun tí awakọ̀ ń gbà lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo `if` yẹn lẹ ó tú. Nínú GBBopen, ìlà díẹ̀ ni:

`(define-ks owo-ilu-ks`
`  :trigger-events ((create-instance-event owo))`
`  :rating 60`
`  :execution-function 'fi-owo-we-ilu)`

Ẹ kò fọwọ́ kan àwọn tó kù. Ẹ lè fi í kún un nígbà tí SBCL ṣì wà ní ṣíṣí, láìtún nǹkan kan bẹ̀rẹ̀.

Òfin mìíràn tó yẹ kó ní ọ̀mọ̀ràn tirẹ̀: ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀mọ̀ràn ìlú bá rí fáwẹ̀lì olóhùn òkè níbi tó rò pé orúkọ ìlú ti bẹ̀rẹ̀, kó má ju àbá náà nù. "Sí ọjà" di "sọ́jà" lẹ́nu gbogbo wa, fáwẹ̀lì "sí" lọ, ohùn òkè rẹ̀ dúró. Kí ó wo ẹ̀yìn bóyá "s" tàbí "l" wà níbẹ̀. Bó bá wà, orúkọ ìlú náà ti gba ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó yẹ ohùn tirẹ̀ gan-an wò láti sílébù kejì lọ.

Alámòójútó, níbi tí wàhálà wà

GBBopen fún yín ní Agenda Shell, tí ẹ ń fi `start-control-shell` tan. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè ní máàkì tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí máàkì ìgbàgbọ́ ti àbá; èyí tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bó ti rọrùn tó nìyẹn, òun náà ló sì ń tan èèyàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fún ọ̀mọ̀ràn ìsàlẹ̀ ní máàkì ńlá, torí wọ́n rò pé ìpìlẹ̀ ló ń ṣáájú. Gbogbo sílébù tó wà nínú ìṣẹ́jú náà yóò ti parí, àbá mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀mọ̀ràn ọ̀rọ̀ tó ní àyè. Nígbà yẹn, ohun tó wà lórí pátákó ti pọ̀ kọjá ohun tí a lè tò. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí máàkì má dúró lójú kan. `:precondition-function` lè dá nọ́ńbà padà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kó dá `nil` padà kí iṣẹ́ náà má wáyé rárá. Ẹ jẹ́ kí sílébù tó dún ketekete gba máàkì ńlá, kí èyí tí ariwo bò gba kékeré. Nígbà náà, alámòójútó yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dá a lójú, "Ọ̀fà" yóò fìdí múlẹ̀ ní kíá, ọ̀mọ̀ràn gbólóhùn yóò sì sọ pé owó ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Ibi ariwo yẹn ni wọn yóò wá padà sí, pẹ̀lú ìrètí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Erman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo irú ọgbọ́n yìí nínú Hearsay-II: ibi tó dá ètò lójú ni wọ́n sọ di erékùṣù tí wọ́n ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ẹ fi `:minimum-ksa-execution-rating` lé àwọn iṣẹ́ tí máàkì wọn kò tó nǹkan sẹ́yìn. Bí kò bá sí iṣẹ́ kankan tó kù, GBBopen yóò kéde `quiescence-event`, ìgbà yẹn sì ni ó dára kí ọ̀mọ̀ràn ìdájọ́ ka ohun tó wà lórí pátákó kó sọ èsì.

Ìyíká tí kò lópin ni àìsàn kejì. Ọ̀mọ̀ràn tó ń jí nígbà tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí òun náà sì ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, yóò máa jí ara rẹ̀ títí SBCL yóò fi kú. Kí ó tó pe `make-instance`, kí ó kọ́kọ́ fi `find-instances` wò bóyá àbá kan náà ti wà láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 20 síbẹ̀. Bó bá wà, kó so ẹ̀rí tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú `linkf`, kó yí máàkì rẹ̀ padà, kó má dá òmíràn sílẹ̀. Ẹ rántí pé `create-instance-event` kò ní ṣẹlẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. `Update-nonlink-slot-event` ni kí àwọn ọ̀mọ̀ràn tó kù máa ṣọ́.

Èyí tó burú jù kì í pariwo. Ọ̀mọ̀ràn gbólóhùn ní owó yẹ kó wà níbí. Ọ̀mọ̀ràn owó wò ó, ó rí nǹkan tó jọ ọ́, ó kọ ọ́. Ọ̀mọ̀ràn gbólóhùn rí i pé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fi máàkì kún ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń fi jẹ́rìí ara wọn, ohùn tó wà nínú ìgbàsílẹ̀ kò sọ nǹkan kan. GBBopen kò ní ìṣirò ìgbàgbọ́ tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó kọ ọ́. Bí ẹ̀rí méjì bá dá dúró lóòótọ́, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí iye tó gbè é sí iye tó tako ó, kí ẹ fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀: 0.8 jẹ́ 4 sí 1, 0.6 jẹ́ 1.5 sí 1, 4 lọ́nà 1.5 jẹ́ 6 sí 1, ìyẹn bíi 0.86. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ tẹ̀ lé ìsopọ̀ ẹ̀rí wálẹ̀ dé sílébù. Ẹ̀rí méjì tó bá padà sórí sílébù kan náà, ẹyọ kan ni kí ẹ kà á sí. Gíga ohùn àti àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀rí méjì, torí inú èkíní ni èkejì ti jáde. Ìsopọ̀ tí GBBopen ń tọ́jú lápá méjèèjì, tó ń rí i pé bí A bá so mọ́ B, B náà so mọ́ A, ló jẹ́ kí ìwádìí yìí ṣeé ṣe. A gbóríyìn fún un lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń jẹ òru

Àmì orí ọ̀rọ̀. "Ọ̀" kò ní kóòdù ẹyọ kan: ó lè jẹ́ Ọ pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ O lásán pẹ̀lú àmì méjì. Kíbọ́ọ̀dù fóònù àti ti kọ̀ǹpútà kì í sábà bára mu. Lójú yín, "Ọ̀fà" méjèèjì jẹ́ ọ̀kan; lójú `string=`, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀mọ̀ràn ìlú yóò sì máa sọ pé òun kò rí nǹkan. Ẹ fi `sb-unicode:normalize-string` pẹ̀lú `:nfc` nu gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó dé orí pátákó.

Ta ni kó lò ó, ta ni kó má lò ó

Bí orúkọ ìlú àti bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn kò bá ní yí padà, ẹ má lo ètò pátákó. Nínú iṣẹ́ 1971 sí 1976 yẹn, Harpy, tí Bruce Lowerre ṣe ní Carnegie Mellon kan náà, kó gbogbo gbólóhùn tó ṣeé ṣe sínú ẹyọ àwọ̀n kan ṣáájú, ó sì ṣe dáadáa ju Hearsay-II lọ lórí ọ̀rọ̀ 1,011 kan náà. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kàn gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" kò nílò GBBopen. Ẹni tó sì ní ohùn wákàtí púpọ̀ tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lè gbé Whisper, ètò tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, lọ kọ́.

Ṣùgbọ́n Whisper náà lè jẹ́ ọ̀mọ̀ràn kan lórí pátákó. Ohùn 16 kHz ló ń gbà, ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì lè jẹ́ kí Python kọ ohun tó gbọ́ sínú fáìlì tí Lisp yóò kà, pẹ̀lú máàkì tí kò ga, kí ọ̀mọ̀ràn ohùn àti ti owó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí èdè ti pọ̀ bíi Ìlọrin, tí èrò kan ń sọ Yorùbá, èkejì Haúsá, ẹ̀kẹta Nupe, ẹ tún lè fi ọ̀mọ̀ràn èdè kún un láìtú nǹkan kan.

Àléébù GBBopen kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, ìbéèrè yín lè pẹ́ kó tó rí ìdáhùn. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ṣe kedere fún ẹni tó ti mọ Lisp, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ yín ní Lisp. Kò ní ojú àwòrán tó dára fún wíwo pátákó; ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde bí ọ̀rọ̀ lásán. Fún iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní sẹ̀mẹ́sítà méjì, yóò bọ́ sí i. Fún ẹni tó fẹ́ fi ohun kan han oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní bọ́ sí i. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni máàkì wa.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ohùn sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá péré, 16 kHz, kí ìlú kan àti owó kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn mẹ́ta ni kí ẹ kọ: sílébù, ìlú, owó. Ẹ tẹ gbogbo iṣẹ́ tí alámòójútó yàn jáde, ní títẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú máàkì wọn, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀mọ̀ràn sílébù ṣiṣẹ́ títí dé òpin kí ti ìlú tó ṣe ẹyọ kan, ẹ má tíì kọ ọ̀mọ̀ràn kẹrin. Máàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.